"Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà": kọ́ wo ni wọ́n ń sọ gan-an?

Àǹtí kan tó ń gbé ní London ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti pe bàbá òun n'Ibàdàn lórí fóònù ni bàbá máa ń pa á lówe pé ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ó sì ti ń dun òun díẹ̀ torí pé skúùlù gidi ni ọmọ òun ń lọ, owó ńlá lòun ń san, kí ni bàbá tún fẹ́ kí òun kọ́ ọ? Ó tún ní kí ni ọ̀rọ̀ ilé títà wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ ọmọ.

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohùn òwe yẹn dáadáa. Kọ́ méjì ló wà nínú ẹ̀, ohùn kan náà ni wọ́n sì ní. A ń kọ́ ilé, a ń kọ́ ọmọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á fẹ́ kí etí wa gbọ́ méjèèjì pọ̀ ká wá bi ara wa pé èwo la fọwọ́ gidi mú. Èèyàn á máa ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, á ra sìmẹ́ǹtì ní báàgì mẹ́ta mẹ́rin bí owó bá ṣe wọlé, á lọ dúró ti bíríkìlà láti àárọ̀, tí ògiri bá wọ́ báyìí á ní kí wọ́n wó o kíá kó tó gbẹ. Ọmọ tó wà nílé náà ń wọ́, ohun tá a máa ń sọ ni pé ó ṣì kéré.

Skúùlù kọ́ lòwe yẹn ń sọ o. Ó ti pẹ́ tá a ti ń da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1955, tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ aláró gbé síléètì lọ sílé ìwé. Ohun tó dáa gan-an ni, èmi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú láéláé. Àmọ́ látìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti ní ẹ̀kọ́, ìwé ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Àwọn àgbà ò da á pọ̀ ní tiwọn, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ nípa ẹnì kan pé "ó kàwé, àmọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́", ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń wí. Ìyẹn náà ni bàbá ń bi yín.

Ní ti ilé títà, ọ̀pọ̀ ilé tí bàbá ẹni kọ́ nílẹ̀ Yorùbá, tó bá ti kú, ó di ilé ẹbí nìyẹn. Ẹnì kan ò lè dá a tà, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Àwọn òkú pàápàá sábà máa ń wà níbẹ̀, yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sin àgbà sí láyé àtijọ́, ẹni tó bá ta ilé yẹn ti ta sàréè bàbá bàbá ẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rìn káàkiri Èkó, ẹ máa rí i lára ògiri tí wọ́n fi kún kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Àwọn oníjìbìtì ìta ni wọ́n ń lé, òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n tún ń fi lé ọmọ inú ilé náà tó lè mú oníbàárà wá lọ́sàn-án gangan nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò sí nílé.

Ẹ tún wo "a" tó wà níbẹ̀: ọmọ tí A ò kọ́. Òwe ò ní ọmọ burúkú ló ta ilé o, àwa tí a ò kọ́ ọ ló fọwọ́ bá wí. Ìdí nìyẹn tí èébú àbíìkọ́ fi máa ń ro àwọn ìyá lára, torí à-bí-ì-kọ́ ni, a bí i a ò kọ́ ọ, òbí lèébú yẹn ń lọ bá. Àkọ́ọ̀gbà yàtọ̀ sí ìyẹn, òbí kọ́ ọ, ó kọ̀ kò gbà. Àwọn tó ni èdè yìí mọ̀ pé ọmọ wà tí wàá kọ́ títí tí kò ní gbà, wọ́n fún un lórúkọ tirẹ̀, wọn ò dá òbí ẹ̀ lẹ́bi. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀ pé wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Báwo ni wọ́n wá ṣe ń kọ́ ọ? Ojú ló pọ̀ jù. Tí àlejò bá ní kí n wá mú ẹran nínú abọ́ òun, ìyá mi ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n kàn máa wò mí, ojú yẹn ti sọ tán, máa sọ pé mo ti yó, ẹ ṣé sà. Àlọ́ náà wà níbẹ̀, ọmọ tó gbọ́ bí Ìjàpá ṣe jí àsáró gbígbóná bu sínú fìlà nílé àna ẹ̀ tó dé e mọ́rí tí orí ẹ̀ fi pá, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá nà án kó tó mọ̀ pé ọ̀kánjúwà lójútì nínú. Ẹ tún rán ọmọ níṣẹ́, kó lọ ra nǹkan kó mú ṣéńjì bọ̀, ẹ kà á lójú ẹ̀, tó bá pé ẹ yìn ín. Wọ́n ń na ọmọ náà, mi ò ní purọ́, àmọ́ àwọn tó ní ká fọwọ́ ọ̀tún nà án náà ló ní ká fọwọ́ òsì fà á mọ́ra, apá kejì yẹn lọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé, ó sì máa ń dùn mí.

Tí bàbá bá tún pa á lówe, ẹ má bínú sí wọn, ẹ fún ọmọ ní fóònù kó fi Yorùbá kí wọn "ẹ káàárọ̀ sà", kó fi "ẹ" sí i o, kó má sọ "o". Tẹ́yin náà bá sì fẹ́ fi òwe fèsì, ẹ kọ́kọ́ ní "tótó, ó ṣe bí òwe o", kí wọ́n dá yín lóhùn pé ẹ máa rí òmíràn pa, kẹ́ ẹ wá sọ fún wọn pé ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń tọ́ ọ, kí wọ́n wá bá yín gbé ọwọ́ kan, kí wọ́n máa pàlọ́ fún un lórí fóònù lálẹ́ Sátidé.