Báwo ni ara ṣe ń mọ̀ pé bakitéríà ti wọlé?

Ẹ ní ọmọ yín tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ ní Mushin láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹsẹ̀ ti wú. Ta ló ta ara lólobó?

Àwọn purotéènì kan tí a bí mọ́ wa ni. Kò di dandan kí kòkòrò náà ti wọlé rí, torí wọn kì í wo ojú bakitéríà kọ̀ọ̀kan, aṣọ ọrùn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó dúró ní Ojúẹlẹ́gbà ń mọ dánfó láti òkèèrè nípa ọ̀dà yẹ́lò, kò dúró ka nọ́ńbà.

Ẹ wo bakitéríà bíi E. coli àti Salmonella: ọ̀rá tó so mọ́ ṣúgà, LPS, wà lára èèpo wọn. Ara tiwa kì í ṣe é. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, LBP, á mú un, á fà á lé purotéènì míì, CD14, lọ́wọ́. CD14 á gbé e fún TLR4, ọ̀kan lára àwọn purotéènì tí a bí mọ́ wa yẹn, àti ẹnìkejì rẹ̀, MD-2. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á tú TNF àti IL-6, àwọn purotéènì tó ń ta ara lólobó, jáde, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ojú ibẹ̀ á wú. Staphylococcus, bakitéríà tó wọ́pọ̀ nínú egbò, kò ní LPS o. TLR2, ẹbí TLR4, ló ń dá òun mọ̀.

Iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bruce Beutler lórí TLR4 ní 1998 wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2011.

Ṣùgbọ́n ìṣó ni ẹ sọ. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.