Ẹ̀rín tó dún, ẹ̀rín tí kò dún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ará Ṣáínà kan tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé “the nurse laughed at me”, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ yin nọ́ọ̀sì náà ni. Báwo ni kí n ṣe tọ́ ọ sọ́nà?

ÌDÁHÙN: Xiào, ọ̀rọ̀ Ṣáínà kan, ló fà á. Nínú èdè tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan yìí ló kó ẹ̀rín méjèèjì, smile àti laugh, pọ̀. Ẹ ní kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ohùn jáde. Bí kò bá jáde, smile ni. Bí eyín bá hàn gbangba, grin. Bí ètè bá fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tòun tẹ̀gàn, smirk. Bí ohùn bá jáde, laugh ni: èyí tó rẹlẹ̀ nínú ọ̀fun ni chuckle, èyí tó tínrín tó ń já léraléra ni giggle. Smile at me, oore ni. Laugh at me, yẹ̀yẹ́ pọ́nńbélé ni.

Ẹ tún ṣọ́ dǎgé, ọ̀rọ̀ Ṣáínà mìíràn, tó dúró fún òsúkè àti gígùnfẹ̀. Hiccup máa ń gbọn àyà léraléra. Burp ni afẹ́fẹ́ tó ti inú gòkè, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ.

Àkójọ ọ̀rọ̀ nìkan ò ràn án. Ẹ máa ṣe ìṣe kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, kó sọ orúkọ ìṣe náà, kó tó kọ gbólóhùn: nodded, shrugged, grinned. Kónsónáǹtì ìkẹyìn nod, shrug àti grin máa ń di méjì kí -ed tó wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń gbàgbé.