Ọmọ mi ní ọba orin nìyí, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀

Ìbéèrè

Okun o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọ Ìsánlú ni mí ní Yàgbà, ọdún 11 rèé tí èmi àti ọkọ mi ti kó wá sí Kánádà. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 mú iṣẹ́ àmúrelé kan wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tíṣà orin wọn ní kí wọ́n mú mẹ́ta lára àwọn orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ tí gbogbo ayé ń yìn, kí àwọn àti òbí wọn jọ gbọ́ ọ, kí wọ́n sì kọ ohun tí òbí bá sọ sílẹ̀.

Mo fi iyán tí mò ń gún sílẹ̀, mo jókòó tì í. Tọkàntọkàn ni mo fi gbọ́ ọ. Àkọ́kọ́ ni Stairway to Heaven ti Led Zeppelin. Jìtá àti fèrè jẹ́jẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀; nígbà tó yá, ó di ariwo. Ìkejì ni Bohemian Rhapsody ti Queen: ọmọ kan ń jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun pa ènìyàn, kí n tó káàánú rẹ̀ tán, àwọn kan ti ń ké orúkọ tí mi ò mọ̀, ó wá dà bí ìgbà tí ènìyàn ń yí rédíò láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ìkẹta ni Hotel California ti Eagles, hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wọ̀ tí wọn ò rí ọ̀nà jáde. Mo ń retí ibi tí yóò ti dùn, ó tán.

Ọmọ mi ń wo ojú mi. Mo ní, "Kí ló wà níbẹ̀?" Kò dá mi lóhùn. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó wọ yàrá lọ.

Mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ẹnu ya àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ní a jẹ́ pé mi ò tíì gbọ́ orin gidi rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìyá mi ló ń lé orin fún ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé. Inú orin ni mo dàgbà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé etí mi ló di? Ṣé kí n purọ́ fún ọmọ pé ó dùn mọ́ mi? Àbí orin náà ni kò ní nǹkan nínú, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́? Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé bí orin wọn bá ti kún inú ọmọ yìí báyìí, ibo ni tiwa fẹ́ jókòó sí?

Ìdáhùn

Okun, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Kábà ni mí, ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Èyí àgbà, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16, ń ta jìtá, nítorí náà kò sí ọ̀kan nínú àwọn orin tí ẹ kà sílẹ̀ yìí tí kò tíì kún ilé mi rí.

Ẹ má purọ́ fún un. Èmi purọ́. Smoke on the Water ti Deep Purple ni ọmọ mi ń kọ́ nígbà náà. Ohùn mélòó kan péré ni jìtá ń ta tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀, tí á tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, láràárọ̀, lálaalẹ́. Ó bi mí pé ṣé ó dùn, mo ní ó dùn gan-an. Ó ní, "Ibo ló dùn jù nínú rẹ̀, Dádì?" Mi ò rí nǹkan sọ. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé jìtá rẹ̀ lọ sókè. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó tún pè mí wá gbọ́ nǹkan kan. Oṣù mẹ́ta yẹn ṣì ń dùn mí. Ọmọ tiyín bínú wọ yàrá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ni ìyá òun bá òun sọ.

Etí yín kò di. Etí tó mọ orin ni, àmọ́ ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ láti máa wá kò sí níbi tó ń wá a sí. Ẹ rántí bí ìyá yín ṣe ń kọrin: òun ń lé, àwọn tó kù ń gbè. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ò ní iṣẹ́. Bohemian Rhapsody, tí Queen gbé jáde ní ọdún 1975, kò ní ègbè kankan tó ń padà wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 6, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, kò sì bojú wẹ̀yìn pe ẹnikẹ́ni kó wá bá òun gbè é. Bí Freddie Mercury, olórí akọrin Queen, ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ohun tó ń ya àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́nu, pé orin kan ṣoṣo lè pa ojú dà tó bẹ́ẹ̀ kó má sì tú ká, òun gan-an ló tì yín síta. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń retí ìgbà tí wọ́n máa ní kí ẹ gbè.

Ọ̀rọ̀ ohùn tún wà níbẹ̀. Ní èdè wa, orin kò lè rìn síbi tó bá ṣáà wù ú. Bó bá gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, ọkọ̀ ti di ọkọ́ nìyẹn. Gbogbo wa la kọ orin ìsìn tí wọ́n gbé ohùn òyìnbó lé ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí, a mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́nu. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ni etí wa kọ́kọ́ ń dì mú. Kódà bí ìlù ń dún, ohun tó ń wí là ń bèèrè. Ọ̀pọ̀ orin rọ́ọ̀kì kò gbé ẹrù rẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Láti ọdún 1971 tí Stairway to Heaven ti jáde, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń sọ, kò sì dí wọn lọ́wọ́. Bó ṣe ń dìde ni nǹkan wà. Orin nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 ni, àmọ́ ìlù kò wọ inú rẹ̀ títí ìṣẹ́jú 4 fi kọjá. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí ìyẹn nìkan. Ẹ máa dúró de ìlù náà, bí a ṣe ń dúró de eégún tí a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè tí a ò tíì rí i. Ariwo tí ẹ sọ yẹn, ibẹ̀ ló ń lọ látìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dùn mọ́ yín síbẹ̀, kò burú, ẹ ti gbọ́ ọ dáadáa.

Ní ti Hotel California, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò wọ̀ mí lọ́kàn títí dòní, mi ò sì rò pé yóò wọ̀ mí lọ́kàn mọ́. Àmọ́ ẹ má pa á kó tó tán. Nígbà tí ẹni tó ń kọrin bá dákẹ́, jìtá méjì, ti Don Felder àti ti Joe Walsh, á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lóhùn, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ máa rìn. Lílé àti gbígbè nìyẹn, jìtá ló kàn ń ṣe é. Èmi a máa dúró de ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí etí ilé wa máa tètè gbà, Hey Jude ti Beatles ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ti ọdún 1968. Julian, ọmọ John Lennon, jẹ́ ọmọ ọdún 5 nígbà tí ilé bàbá àti ìyá rẹ̀ ń tú. Paul McCartney, tí òun àti Lennon jọ wà nínú Beatles, wa mọ́tò lọ wo ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, ojú ọ̀nà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin yìí, láti fi rẹ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún. Abiyamọ wo ni ìyẹn ò ní yé? Ó lé ní ìṣẹ́jú 7, ègbè kan ṣoṣo ló sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á gbè é. Ìyàwó mi tí kò fẹ́ kí wọ́n tan rọ́ọ̀kì sétí òun rárá ń gbè é nínú mọ́tò.

Ẹni tó ní ẹ ò tíì gbọ́ orin gidi rí, ẹ bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Àwọn tí mo bi níbí, ọmọ ọdún 15, 16 ni wọ́n, nínú yàrá ẹ̀gbọ́n wọn, tàbí nínú mọ́tò bàbá wọn tó ti kú báyìí. Orin àti bàbá ti di ohun kan náà. Ẹni tí kò sí nínú mọ́tò yẹn kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mo fi fọ́tò aṣọ ipò àwọn Bùnú, ará Okun bíi tiwa, han ọ̀kan nínú wọn. Ó wò ó, ó ní, "Aṣọ pupa." Òótọ́ ló sọ. Ibo ni yóò ti mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n ń gbé jáde nígbà ìsìnkú olóyè ni, pé eégún ń wọ̀ ọ́, pé àgbà tó bá rí i níta ti mọ irú ẹni tó lọ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu? Mo jókòó, mo sọ ọ́ fún un. Ó tún gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó sì wò ó pẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà lórí Smoke on the Water nìyẹn. Nígbà tí ọmọ mi tún pè mí, mo jẹ́wọ́ fún un pé irọ́ ni mo pa, mo sì ní kó sọ ohun tí orin náà dá lé. Ó ní ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, Deep Purple lọ sí ìlú Montreux ní Swítsálándì, wọ́n fẹ́ ká àwo orin wọn nínú kasínò kan létí adágún omi. Frank Zappa, olórin Amẹ́ríkà kan, ń ṣeré níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan láàárín èrò yin ìbọn iná sí àjà, kasínò jóná, èéfín sì bo ojú omi. Wọ́n fi ojú ara wọn rí i, wọ́n sì kọ ọ́ lórin bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n dárúkọ Zappa níbẹ̀. Mo ní, "Ṣé ìròyìn ni wọ́n ń sọ látọjọ́ yìí?" Nílé wa náà, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lábúlé ti wọ inú orin. Láti ọjọ́ náà, bí jìtá yẹn bá bẹ̀rẹ̀ lókè, èéfín ni mò ń rí.

Ẹ̀rù tó ń bà yín nípa orin tiwa, ó ti bà mí rí. Ṣùgbọ́n orin yìí gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Inú orin Muddy Waters, olórin dúdú kan, ni ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Rolling Stones ti mú orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Sister Rosetta Tharpe, obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ti ń ta jìtá oníná sí orin ìyìn kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ gbọ́ yìí tó mọ jìtá dì mú. (Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ síbẹ̀, ó sì bá Fẹlá ṣeré. McCartney náà wá ká àwo orin l'Ékòó ní 1973. Mo sọ èyí fún ọmọ mi, inú rẹ̀ dùn ju bí mo ṣe rò lọ.) Aṣọ ipò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ara aṣọ òkèèrè ni àwọn ahunṣọ Bùnú ti ń tú òwú pupa rẹ̀ kí wọ́n tó fi hun tiwọn. Kò sí ẹni tó máa dúró níwájú ọmọ Bùnú kó pè é ní aṣọ òyìnbó.

Iṣẹ́ àmúrelé yẹn, kí ọmọ kọ ohun tí ẹ sọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó sì fi kún un pé ègbè ni ìyá òun ń wá. Tíṣà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fẹ́ gbọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, dípò "Kí ló wà níbẹ̀?", ẹ bi í pé, "Ibo ló ti ń mú ọ? Gbé mi débẹ̀." Ẹ má bèèrè ìdí. Kó ṣáà sáré orin náà débẹ̀ kí ẹ jọ gbọ́ ọ. Bó bá wá kan ẹ̀yin, ẹ fi orin tí ìyá yín ń lé sí i fún un, kí ẹ̀yin náà fi ibi tó ti ń mú yín hàn án.

Nígbà tó kàn mí, ìsìnkú ìyá mi ní Kábà ni mo tẹ̀. Àwọn obìnrin ìdílé kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo fi fóònù gbà á sílẹ̀, mi ò sì tíì lè gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti dé Leeds. Ọmọ mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Ó lọ gbé jìtá, ó ń wá ohùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí i. Lẹ́yìn náà ló dá a dúró níbì kan tí ẹni tó ń lé orin gbé ohùn sókè, tí gbogbo wọn sì dákẹ́ kí wọ́n tó gbè é. Ó ní, "Ibí yìí ló ti mú mi. Kí ni wọ́n sọ níbẹ̀, Dádì?" Mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kábà, òun náà ò mọ̀, ó ní òun máa lọ bi ìyá àgbà kan ní ilé kejì. A ṣì ń dúró de ohun tó máa bá bọ̀.