Ṣúgà pọ̀ lára Màmá, kí ló dé tí egbò ẹsẹ̀ wọn kò jinná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìyá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò kan sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tó ti pé ọ̀sẹ̀ 3. Mo kà pé ṣúgà ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń bá kòkòrò jà. Ṣé kò yẹ kí tiwọn lágbára ju ti ẹlòmíràn lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Òótọ́ lẹ kà. Neutrophil ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń kọ́kọ́ dé ojú egbò. Mitochondria rẹ̀ (ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọ́síjìn ṣe agbára) kò pọ̀, torí náà glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ló ń fọ́ láìdúró de ọ́síjìn. ATP (èròjà agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná) 2 péré ló ń jèrè lórí glúkóòsì kan. Sẹ́ẹ̀lì tó ń lo ọ́síjìn ń rí bíi 30. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí yá.

Ó tún ń ya lára glúkóòsì náà sọ́tọ̀ láti fi ṣe NADPH, èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì ń lò fún oríṣiríṣi iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí neutrophil bá ti gbé bakitéríà mì, NADPH ló fi ń sọ ọ́síjìn di oró tó ń pa á. Bí ṣúgà bá wá pọ̀ jù lẹ́jẹ̀, ó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì yìí láìsí ínsúlínì (èròjà ara tó ń jẹ́ kí ṣúgà wọ ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì). Ẹ́ńsáímù kan tó ń jẹ́ aldose reductase á sọ lára ṣúgà náà di sorbitol (oríṣi ṣúgà mìíràn), NADPH kan náà ló sì ń ná sórí iṣẹ́ yẹn. Sẹ́ẹ̀lì gbé kòkòrò mì tán, ohun tí yóò fi pa á kò tó mọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ tó ń dí díẹ̀díẹ̀ tún ń dín ọ́síjìn kù níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wọn ṣúgà wọn láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun: 80 sí 130 mg/dL là ń fẹ́ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, lẹ́yìn oúnjẹ, kó má tó 180. Bí tiwọn bá máa ń já wálẹ̀ jù, dókítà wọn ni yóò sọ òdiwọ̀n tó bá wọn mu. Ẹ má dá oògùn dúró, ẹ má sì fi kún un fúnra yín.

Omi tó mọ́ tàbí saline (omi oníyọ̀ ti ilé ìwòsàn) ni kí ẹ fi fọ egbò náà. Ẹ má da spirit, hydrogen peroxide tàbí àgbo sí i. Ẹran tuntun tó ń hù ni wọ́n ń jó. Ẹ má ki ẹsẹ̀ wọn bọ omi gbígbóná, ẹsẹ̀ wọn lè má mọ ooru mọ́, kó sì bó láìmọ̀. Èyí táwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù ni pé kí wọ́n má tẹ ojú egbò náà mọ́lẹ̀ rárá: bí wọ́n bá ń fi í rìn, kò ní pa dé.

Ọ̀sẹ̀ 3 ti pẹ́ jù, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá ń rùn, tó wú, tó ń dúdú, tàbí tí ibà dé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ, kódà bí wọ́n bá ní kò dun àwọn.