Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà: "Mẹ́mọ̀rì ti fẹ́ tán," bẹ́ẹ̀ RAM ò tíì kún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo fi ń tẹ̀wé fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù mi. RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sán, á kọ ọ́ síwájú mi pé "Your computer is low on memory", pé kí n fi iṣẹ́ mi pamọ́, kí n sì pa àwọn ohun tí mo ṣí dé. Mo ti pa fọ́tò àti fídíò rẹpẹtẹ rẹ́, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní àfi kí n ra RAM kún un. Àmọ́ nígbà tí ìkìlọ̀ yẹn bá jáde, RAM ṣì máa ń ṣẹ́kù ju 1GB lọ. Kí ni kí n ṣe? (Onítẹ̀wé kan, Òṣogbo)

Ẹ má tíì náwó o. Ohun tí ẹ kíyè sí yẹn, pé RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ṣì ṣẹ́kù, ni kókó ọ̀rọ̀ gan-an. Kì í ṣe RAM nìkan ni ìkìlọ̀ yìí ń wò. Gbogbo áàpù tí ẹ bá ṣí ló máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ Windows, Windows á sì ṣèlérí àyè náà fún un, yálà áàpù yẹn lò ó tán tàbí kò lò ó tán. Ibi tí agbára ìlérí Windows mọ ni RAM yín, pẹ̀lú fáìlì kan tó ń jẹ́ pagefile.sys, tí Windows fi ń kún RAM, tó sábà máa ń wà lórí dísíìkì C. Bí ìlérí bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpin yẹn, ìkìlọ̀ á jáde, kódà kí RAM má tíì kún. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà oní-16GB fi lè máa kìlọ̀ nígbà tí ti ẹlòmíì tó jẹ́ 4GB ń bá iṣẹ́ lọ, bó tilẹ̀ ń fà díẹ̀.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager lè ṣí. Bó bá kéré lójú, ẹ tẹ "More details". Ẹ lọ sí "Performance", ẹ tẹ "Memory", kí ẹ wá wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ "Committed" sí. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀, bíi 8.6/8.9 GB. Ti àkọ́kọ́ ni ohun tí Windows ti ṣèlérí, ìkejì ni òpin. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí títí di ọ̀sán. Níbi tí nǹkan bá ti dára, tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ti ń lé ìkejì bá, ìkejì fúnra rẹ̀ á gòkè, torí Windows á mú kí pagefile fẹ̀ sí i. Bí ìkejì bá dúró gbári, a jẹ́ pé nǹkan kan ò jẹ́ kí fáìlì yẹn fẹ̀, kì í sì í sábà ju nǹkan méjì lọ: ẹnì kan ti pa á tàbí dín in kù, tàbí kí dísíìkì C ti kún.

Ti àkọ́kọ́ pọ̀ lórí tòkunbọ̀. Àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá pa pagefile, SSD (irú dísíìkì kan tó yára) á pẹ́, kọ̀ǹpútà á sì yá. Ìmọ̀ràn tí kò dáa ni, òun ló sì máa ń fa irú wàhálà yìí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ sysdm.cpl síbẹ̀, ẹ tẹ Enter. Ẹ lọ sí "Advanced". Lábẹ́ "Performance", ẹ tẹ "Settings". Nínú èyí tó bá ṣí, ẹ tún tẹ "Advanced", lẹ́yìn náà "Change" tó wà lábẹ́ "Virtual memory". Ẹ fi àmì sí "Automatically manage paging file size for all drives", ẹ tẹ OK títí gbogbo rẹ̀ á fi padé, kí ẹ wá yan Restart. Restart la sọ o, kì í ṣe Shut down. Bí Fast Startup bá wà ní títàn, Shut down kì í fọ inú Windows mọ́ pátápátá. Apá kan rẹ̀ ló máa ń kọ sórí dísíìkì, tó sì máa gbé padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní ti dísíìkì tó kún, pagefile tí Windows ń bójú tó fúnra rẹ̀ lè fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta RAM, ṣùgbọ́n kì í sábà kọjá ìdá kan nínú mẹ́jọ dísíìkì. Lórí dísíìkì 128GB, ìyẹn jẹ́ bíi 15GB. Bó bá ku 2GB péré lórí C yín, níbo ni yóò fẹ̀ sí? Àwọn fọ́tò tí ẹ pa rẹ́ kò sì tíì lọ bí ẹ kò bá tíì da Recycle Bin nù. Ibẹ̀ ni wọ́n wà, àyè tí wọ́n gbà kò sì yẹ̀. Bó bá jẹ́ orí dísíìkì D ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, pípa wọ́n rẹ́ kò ní ran C lọ́wọ́ rárá. Ẹ da Recycle Bin nù, kí ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ cleanmgr, ẹ yan C, ẹ tẹ "Clean up system files". "Windows Update Cleanup" àti "Previous Windows installations" ló sábà máa ń gba àyè jù. Bí ẹ bá rí "Downloads" níbẹ̀, ẹ má fi àmì sí i, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín tó wá látorí WhatsApp àti ímeèlì sábà máa ń wà. Ẹ gbìyànjú kí 20GB máa ṣófo lórí C nígbà gbogbo.

Bí òpin bá ti ń gòkè dáadáa, síbẹ̀ tí ìkìlọ̀ ṣì ń jáde, ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó ń jẹ ẹ́. Abala "Processes" lè ṣì yín lọ́nà, torí ohun tó wà nínú RAM nìkan ló ń fi hàn. Ẹ lọ sí "Details", ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máùsì tẹ orí ìlà àkọlé, ẹ yan "Select columns", ẹ fi àmì sí "Commit size", kí ẹ wá tẹ àkọlé náà kí èyí tó pọ̀ jù lè wá sókè. Ẹ kọ àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ọ̀sán, àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá ń gòkè láìsọ̀kalẹ̀, tí ẹ kò sì fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀, ń gba àyè láì dá a padà. Ẹ wò ó dáadáa bó bá jẹ́ áàpù tó bá printer wá tàbí èyí tó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ tuntun. Bí kò bá gbọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Bí ìkìlọ̀ bá jáde nígbà tí ẹ kò sí nídìí rẹ̀, Windows ti kọ orúkọ àwọn tó fà á sílẹ̀. Ẹ ṣí Event Viewer, ẹ lọ sí "Windows Logs", lẹ́yìn náà "System", kí ẹ wá èyí tí Source rẹ̀ jẹ́ Resource-Exhaustion-Detector, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2004. Orúkọ áàpù mẹ́ta tó gba àyè jù wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye bytes tí wọ́n gbà. 4294967296 bytes jẹ́ 4GB.

Ìgbà tí RAM tọ́ sí rírà ni ìgbà tí kò sí áàpù kan tó ń ṣe jàǹbá, tí "Committed" sì ń ju RAM yín lọ lójoojúmọ́ pẹ̀lú 3 tàbí 4GB, tí dísíìkì sì ń wà ní 100% bí ẹ bá ń bọ́ láti inú Word sínú Chrome.

Wọ́n fi RAM kún kọ̀ǹpútà mi, ó di 8GB, ṣùgbọ́n ó kọ "3.4 GB usable". Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, System, About, kí ẹ ka "System type". Bó bá jẹ́ "32-bit operating system", Windows yẹn kò lè lò ju 4GB lọ, a ó sì tún yọ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kúrò nínú ìyẹn. Bí wọ́n bá kọ "x64-based processor" (processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà) sí iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ yín gba 64-bit, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ti àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó fi tuntun sí i, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbé gbogbo fáìlì yín sórí nǹkan mìíràn. Àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti parí ní 14 October 2025, torí náà bí ẹ̀rọ náà bá ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ), tí processor rẹ̀ sì wà lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, Windows 11 ni kí wọ́n fi sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó bá ti jẹ́ 64-bit tẹ́lẹ̀, ẹ kọ msconfig sínú Windows àti R, ẹ lọ sí "Boot", "Advanced options". Bí àmì bá wà ní "Maximum memory", ẹ yọ ọ́.

Ṣé kí n gba àwọn áàpù tó ń fọ RAM yìí? (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Abẹ́òkúta)

Rárá. Ohun tó wà nínú RAM ni wọ́n ń tì jáde sórí dísíìkì. Bí ẹ bá tún fẹ́ lò ó, á padà wá, á sì fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn. "Committed" kò ní dín kù. Bó bá jẹ́ Chrome ló ń jẹ ẹ́, ẹ tẹ Shift àti Esc nínú rẹ̀, ẹ ó rí iye tí táàbù kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ tan "Memory Saver" tó wà nínú Settings, Performance.

Mo fẹ́ ra RAM lápútọ́ọ̀pù ní Computer Village, Ìkẹjà. Kí ni kí n wò? (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kọ́kọ́ wo "Slots used" nínú Task Manager. "1 of 2" túmọ̀ sí pé àyè kan ṣófo. Àwọn lápútọ́ọ̀pù tín-ínrín kan ní RAM tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn kò ṣeé pààrọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ti àtijọ́, kí ẹ gbé e dání lọ. PC3L lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3L, oní 1.35V, ìka wúrà 204. PC4 jẹ́ DDR4, oní 1.2V, ìka 260. Ìkan kò lè wọ ihò ìkejì. Ẹ má gba PC3 lásán dípò PC3L, torí 1.5V nìyẹn ń gbà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oní-DDR3L kò sì ní tàn pẹ̀lú rẹ̀. Bí iyára méjèèjì kò bá dọ́gba, ti èyí tó lọ́ra ni wọn ó jọ máa lò.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n yọ ṣájà àti bátìrì, kí wọ́n fi RAM sí i ní dídagun títí ìka wúrà yóò fi wọlé, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí apá méjèèjì yóò fi dún. Ẹ kọ mdsched sínú Windows àti R, kí ẹ yan "Restart now"; ẹ ní sùúrù títí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò tán. Bójú ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn, ẹ má tíì sọ pé RAM ti bàjẹ́: ẹ yọ ọ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ìka rẹ̀, kí ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nínú ihò kọ̀ọ̀kan.