Wọ́n fẹ́ ra àkùrọ̀ etí odò wa kọ́ ilé-iṣẹ́: ṣé ká gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí ní àdúgbò kan lápá Apẹ̀tẹ́, n'Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra àkùrọ̀ tó wà létí odò wa, wọ́n á fi yẹ̀pẹ̀ dí i, wọ́n á sì kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa ṣe píọ̀ wọ́tà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Wọ́n ní àwọn máa gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́, àwọn á tún títì wa ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fara mọ́ ọn torí ilẹ̀ náà ṣófo, ẹ̀fọ́ nìkan ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Àwọn àgbà kan ní omi yóò ya wọ ilé wa. Ṣé ìdàgbàsókè nìyí àbí wàhálà la fẹ́ gbà wọlé? Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ ṣèpàdé lórí ẹ̀.

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà yín ni mi ò lè fò kọjá: "ṣófo". Àkùrọ̀ kì í ṣófo. Bí òjò bá rọ̀, tí àgbàrá rọ́ wá láti orí páànù àti orí kọ́ńkéré gbogbo àdúgbò, ilẹ̀ rírọ̀ yẹn ló ń gbà á lálejò. Ó ń fa omi mu, ó ń dá a dúró, ó wá ń tú u sílẹ̀ sódò díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sanwó oṣù fún un, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó rí i bí òṣìṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè náà nìyẹn. GDP tí ẹ ń gbọ́ nínú ìròyìn, àròpọ̀ iye owó ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún kan ni. Bí ilé-iṣẹ́ yẹn bá ta omi, ó wọ inú àròpọ̀. Bí àkùrọ̀ bá pa rẹ́, kò síbi tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn ni o, ni pé bí omi bá gbé afárá lọ, tí ìjọba wá pe agbaṣẹ́ṣe kó kọ́ òmíràn, owó agbaṣẹ́ṣe náà tún wọ inú ìdàgbàsókè. Ibi tí a padà sí, a kà á sí ibi tí a dé.

Ẹ ò nílò kí n lọ wá àpẹẹrẹ lọ sókè òkun. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa n'Ìbàdàn níbí ya, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé, ó gba ẹ̀mí tó lé ní 100, adágún Ẹlẹ́yẹlé tó ti wà láti 1942 kún àkúnwọ́sílẹ̀, afárá Apẹ̀tẹ́ tiyín gan-an sì lọ. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi àti pàǹtí tí a dà sí gọ́tà ló sọ òjò di ọ̀fọ̀. Ní 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ dídènà omíyalé n'Ìbàdàn. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Iṣẹ́ tí àkùrọ̀ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, gbèsè la fi ń ṣe é báyìí.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ lé wọn. Ìṣẹ́ àti òṣì náà ń ba àyíká jẹ́. Ẹni tí kò rówó ra gáàsì, èédú ni yóò dá ná, igi Òkè-Ògùn ni wọ́n sì ń jó di èédú. Àwọn ọmọ yín nílò iṣẹ́, ẹni tó bá fojú di ìyẹn kò tíì jókòó ti ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí tán tó ń sùn sílé.

Ẹnìkan á sọ ní ìpàdé yín pé ká kọ́kọ́ lówó ná, a ó tún àyíká ṣe tó bá yá. Wọ́n á tọ́ka sí ìlú òyìnbó. Òótọ́ ni pé èéfín tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952 ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló lé e lọ, òfin tí wọ́n ṣe ní 1956 wà níbẹ̀. Èéfín sì yàtọ̀, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Ní Minamata ní Jàpáánì, ilé-iṣẹ́ kan da májèlé sínú òkun, ẹja jẹ ẹ́, èèyàn jẹ ẹja, àrùn sì mú wọn. Ní 1956 tí wọ́n rí àrùn náà, owó tó wọlé kò lè wo ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú rẹ̀ sàn. Àkùrọ̀ tí wọ́n bá ti da yẹ̀pẹ̀ dí, tí wọ́n kọ́lé lé, bákan náà ni: ta ló fẹ́ wá wú u?

Nítorí náà, ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí ni kí ẹ bá wọn jà lé lórí, ẹ má bá wọn jà lórí ilé-iṣẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè ra ilẹ̀ gíga, kí àkùrọ̀ wà bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìwádìí lórí àkóbá àyíká. Òfin 86 ti ọdún 1992 ló dá a sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ kedere pé bí iṣẹ́ kan ṣe tóbi tó nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò, ibi tí ó wà náà ń bẹ níbẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ sọ fún yín pé iṣẹ́ àwọn kéré. Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó fọwọ́ sí i.

Omi ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù. Orí àpáta ni Ìbàdàn wà. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa kò pọ̀ bíi ti ẹ̀gbẹ́ òkun, inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta àti inú ojú tó là lára rẹ̀ ló ń gbé. Bóòhóòlù ńlá kan lè fa kànga ẹ̀yin aládùúgbò gbẹ. Kí wọ́n fa omi náà fún odindi ọjọ́ kan, ó kéré tán, nínú oṣù kẹta tí ọ̀dá mú, kí ẹ̀yin náà máa fi okùn wọn kànga yín ní wákàtí wákàtí. Bí wọ́n bá ní àwọn ti wọ̀n ọ́n ní oṣù kẹsàn-án, ẹ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rá ńkọ́? Ogún ló wà nínú àpò píọ̀ wọ́tà kan. Bí wọ́n bá ṣe 1,000 àpò lójúmọ́, 20,000 ọ̀rá nìyẹn, gọ́tà yín sì ni èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn yóò máa ra ọ̀rá òfìfo padà ní àdúgbò. Iye àwọn ọmọ yín tí wọn yóò gbà náà, nọ́ńbà ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe "ọ̀pọ̀lọpọ̀". Títì tí wọ́n ṣèlérí, gọ́tà ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

Ó ku àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ẹ pè wọ́n sí ìpàdé Sátidé náà, wọ́n lè má jẹ́ onílé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilẹ̀ yẹn ju gbogbo wa lọ. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ síbẹ̀, kí wọ́n fi ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá hàn yín, kí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ fi ti 2011 hàn yín. Ẹ ri èèkàn mọ́ ibẹ̀. Èèkàn yẹn ni kí ẹ fi han àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n dárúkọ owó.