Wọ́n rí kòkòrò strep lójú ara aboyún ní Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé kó ti máa lo oògùn báyìí?

Rárá, àfi bó bá jẹ́ inú ìtọ̀ ni wọ́n ti rí i. Group B strep ni wọ́n ń pè é. Inú ìfun àti ojú ara ló ń gbé, kì í sì í yọ ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ́nu. Kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀, ẹ má wulẹ̀ bá ọkọ jà.

Bí ẹ bá lo oògùn lóṣù keje, ó lè tún padà wá kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Ìgbà tí ẹ bá ń rọbí tàbí tí omi bá tú ni wọ́n ń fa penisílínì sí iṣan yín. Ó dáa kó tó wákàtí 4 kí ọmọ tó dé, torí ọmọ lè kó o bó ṣe ń bọ̀, kó di àrùn ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ara yín kì í bá gba penisílínì, ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn ìbímọ, strep mìíràn tí wọ́n ń pè ní Group A ló burú jù fún ìyá. Ó lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn àmì rẹ̀ ni ara gbígbóná, ìsàlẹ̀ ikùn dídùn, ọkàn tó ń sáré. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lè máa rùn, ó sì lè má rùn rárá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti LAUTECH tàbí Bowen, lọ́jọ́ náà gan-an. Jíjókòó sínú omi gbígbóná kò lè wò ó.